Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Lábẹ́ Fídíò Náà

Wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ màmá mi, wọ́n sì kọ orúkọ ọkùnrin tí kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ níbi iṣẹ́ náà sí abẹ́ rẹ̀.

Mo jẹ́ kí gbólóhùn yẹn dá dúró kí ẹni tí kò bá ráyè ka ìyókù lè mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ráyè, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí àwọn òbí yín kó yín wá sí Johannesburg nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ bóyá a máa dúró ni tàbí a máa padà sílé, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi, ìyẹn ni òórùn káńfọ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, nínú òtútù oṣù keje, lọ́dún tó ṣáájú ìdìbò ńlá tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ kópa nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Fúláàtì tí a háyà ní Turffontein wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ojú fèrèsé kíṣìnnì, mo máa ń rí àwọn ẹṣin tí wọ́n ń fà lọ sí pápá eré ìje, wọ́n á ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n lẹ́yìn bí àgbàlagbà tí òtútù ń mú, èéfín á sì máa jáde nímú wọn. Láti fèrèsé yàrá, òkìtì iyanrìn ràbàtà kan ni mò ń rí, ó pọ́n bí pupa ẹyin, èyí tí àwọn awakùsà wúrà ti wà jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, iyanrìn yẹn á wọlé. Á wọ orí bẹ́ẹ̀dì, á wọ inú ìwé iléèwé mi, á bà lé orí ẹ̀bà. Màmá mi á ní, "Ẹ jẹun o, wúrà ló bọ́ sí i."

Òórùn kẹrosíìnì inú hítà ló máa ń jí mi lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ yẹn, káńfọ̀ ló jí mi. Aṣọ kan wà lára ìlẹ̀kùn pálọ̀, gáùn aláwọ̀ búlúù tó ní kọ́là funfun àti bọ́tìnnì mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì náà ò sì bá àwọn tó kù mu. Ó tóbi jù mí lọ. Màmá mi dúró níwájú rẹ̀, ó fi àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe férémù, ó di ojú kan.

"Lọ wẹ̀," ó ní, kò bojú wẹ̀yìn. "Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́."

"Mọ́mì, aṣọ ta ni?"

"Aṣọ ẹni tí kò sí nílé ni."

Kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ: màmá mi, Ìyádùnní Akínlàbí, ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́jọ nílé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn. Wáyà ló kọ́kọ́ ń gbé kiri níbẹ̀. Kó tó kúrò, òun ló ń darí ètò orin ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Nígbà tí bàbá mi ríṣẹ́ ẹnjiníà sí Midrand, ó kó wa dání, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù màmá mi pé ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá ni, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ bàbá mi bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, "Ìyàwó ni iṣẹ́ mi. Ẹ wò ó nínú pásípọ́ọ̀tù." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń bá a gbé mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Lọ́sàn-án, á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, á máa wo àwòrán nìkan, á sì máa bá àwọn tí kò lè gbọ́ ọ jà: "Ẹ sún mọ́ ọn! Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ sunkún ni? Áà, wọ́n ti lọ ya òrùlé."

Ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ nígboro la ti mọ Thandeka. Sísí Thandeka ni mò ń pè é. Ní èdè Zulu tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni sísí. Ní tiwa, omidan tó mọ oge ṣe ni. Méjèèjì ló bá a mu. Soweto ló ti ń wọ tákísí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì máa ń dá orin. Ó ti gbohùn orin tirẹ̀ kan sílẹ̀, orin nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà rògbòdìyàn, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i mọ́. Orin náà ò mẹ́nu ba ikú. Ó kàn ń ka àwọn ohun tó ṣì wà níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wọn sí: ife rẹ̀, kóòmù rẹ̀, bàtà rẹ̀, gáùn rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà, ló fẹ́ ya fídíò orin náà. Deon lorúkọ ẹni tó ni ín. Ó ti sọ fún Thandeka pé kó wá dúró níwájú ògiri tí wọ́n to òdòdó oníke sí, kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kó máa rẹ́rìn-ín?" ni màmá mi bi í nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ní àwọn èèyàn ò fẹ́ ìbànújẹ́ láàárọ̀ Sátidé, Mama."

Nínú mọ́tò, nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, dá wa dúró, màmá mi ní, "Mo ti rí i."

Bàbá mi wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Kí lo rí?"

"Gáùn yẹn."

"Gáùn wo?"

"Dádì Bùkọ́lá, ẹ máa wa mọ́tò yín. Róbọ́ọ̀tì ti di gíríìnì."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ya gbogbo fídíò náà sórí bébà, ojú àwòrán kan lẹ́yìn èkejì, bébà mẹ́rin, pẹ̀lú pẹ́ńsù tó gbà lọ́wọ́ mi. Ó kó wọn lọ fún Deon. Ìsinmi iléèwé ni, nítorí náà èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ẹlẹ́rìí, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀: Bùkọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo jókòó sórí táyà lẹ́nu ọ̀nà. Thandeka wà níbẹ̀. Kobus tó ń gbé kámẹ́rà fún Deon wà níbẹ̀. Deon wo àwọn bébà náà, ó yí èkejì wò lódì, ó tún un yí padà. Ó ní òun ò lè gba màmá mi síṣẹ́ nítorí òfin, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣe é, Kobus á gbé kámẹ́rà wá. Màmá mi ní, "Orúkọ mi ńkọ́?" Ó dáhùn lédè òyìnbó, mo sì gbọ́ ọ ketekete: "Orúkọ yín á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, madam. Ẹ̀yin lolùdarí."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ, a gun ẹsẹ̀ òkìtì iyanrìn náà. Ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko. Kobus, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa tó wọ ṣòkòtò péńpé nínú òtútù yẹn, gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Màmá mi ti lẹ bébà fàdákà tí wọ́n fi ń yan ẹran mọ́ ara páálí, ó fi ń darí oòrùn sójú Thandeka. Ó sì ti ní kí wọ́n da orin náà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà tó fi ń sáré ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ohùn Thandeka di ohùn eku tó ń jà. Thandeka ní láti máa fẹnu tẹ̀ lé e láìgbóhùn sókè bó ṣe ń sáré, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó gbé iyán gbígbóná sẹ́nu.

"Eish!" Kobus ń fi apá nu omijé ẹ̀rín. "Mama, ṣé eré apanilẹ́rìn-ín la fẹ́ ṣe ni?"

"Dúró," ni màmá mi wí. "Dúró ná."

Ohun tó mọ̀ tí wọn ò mọ̀ ni pé bí a bá dá àwòrán náà padà sí ìdajì eré rẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn orin á bọ́ sípò, ètè Thandeka á bá orin mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kù á máa rọra lọ. Irun rẹ̀ á máa dìde nínú afẹ́fẹ́ bí ewéko inú odò. Iyanrìn á dúró lófuurufú kó tó balẹ̀. Ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé ohun kan ò rí bó ṣe yẹ kó rí, kò sì ní lè tọ́ka sí i. "Bí ọjọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn," màmá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, "fún ẹni tó ń retí èèyàn."

Mo fẹ́ ka gbogbo ohun tí kò dára tó ṣẹlẹ̀, ti màmá mi náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ti sọ fún Thandeka pé òun fẹ́ yá gáùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti sá a sórí okùn. Kò sọ fún un pé ọmọ kan máa wọ̀ ọ́. Inú ọkọ̀ ẹrù tí Kobus gbé wá ni mo ti pààrọ̀ aṣọ, màmá mi sì ní mi ò gbọdọ̀ yọjú àfi bí òun bá juwọ́. Ó wá bá mi níbẹ̀, ó tún kọ́là mi ṣe. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú tí mo mọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àga tí wọ́n fẹ́ gbé sí yàrá.

"Tó o bá ti jáde báyìí, má wò mí," ó ní. "Má mọ̀ mí. Èmi kì í ṣe ìyá ẹ níbí yìí."

Mi ò mọ ẹni nínú yín tí ìyá rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí. Ẹsẹ̀ mi tutù. Mo rìn gun orí iyanrìn yẹn nínú gáùn tó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, òórùn káńfọ̀ ń ta mí nímú, mo sì ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni, bóyá màmá mi ti lọ, obìnrin yìí ló kù. Ẹ̀rù yẹn ni ẹ ń rí lójú mi nínú fídíò náà. Wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ níbì kan pé ọmọ náà "mọ eré ṣe". Mi ò ṣe eré kankan.

Thandeka kẹ́yìn sí mi, ó ń fẹnu tẹ̀ lé orin eku yẹn. Ó parí rẹ̀. Ó yí padà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó sì rí mi.

Màmá mi kì í sọ "kọ́ọ̀tì" tí àwọn onífídíò máa ń fi èdè òyìnbó sọ, pé "gé e", láti dá kámẹ́rà dúró. Láti Ìbàdàn ló ti kọ̀ ọ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ọ̀bẹ gé lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún òun? Ohun tí ó máa ń sọ ni èyí tí a ń sọ fún ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún wa, tàbí ẹni tó ń da omi sí wa lọ́wọ́: "Ó tó." Pé ohun tí o fún mi ti tó. Nígbà tí ó rí ojú Thandeka lọ́jọ́ yẹn, ó mọ̀ pé òun ti kọjá àyè òun, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀:

"Ó tó. Kobus, ó tó."

Lára kámẹ́rà Kobus, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ AUTO sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á máa fúnra rẹ̀ wá ìmọ́lẹ̀, á máa fúnra rẹ̀ wá ohun tó yẹ kó fojú mú. Ọmọ Afrikaner ni Kobus, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu màmá mi lórí iṣẹ́. Dípò kó dáwọ́ dúró, ó tẹ bọ́tìnnì náà, ó sì ń yà á lọ.

Kámẹ́rà sọ Thandeka nù. Ojú rẹ̀ yọ́ di ìmọ́lẹ̀ funfun, ó padà wá, ó tún yọ́. Iyanrìn mọ́lẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni Thandeka ti rìn wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí kò bá àwọn tó kù mu. Mo ti dè é sí ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tú u, ó dè é dáadáa, ó wá bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó ní, "Bí òun náà ṣe máa ń dè é nìyẹn. Gbogbo ìgbà."

"Kobus!" Màmá mi ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Mo ní ó tó!"

"Auto náà ni, Mama! Mo ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́."

"Ó tó! Ó tó! Pé ó ti tó!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Auto. Ó wà lórí rẹ̀."

Thandeka ló kọ́kọ́ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, bóyá nítorí pé òun náà ń gbé láàárín èdè mẹ́ta. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde. Ojú Kobus pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Inú ìdààmú yẹn ni Deon wá bá wa. Bàbá mi ti ra aago ọwọ́ fún mi, mo sì ń wò ó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí ọmọdé tó ní aago tuntun. Deon dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé páì ẹran wá, ó jẹ ọ̀kan níbẹ̀, ó bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dá ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ padà. Ó lọ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Kò wo inú kámẹ́rà.

Lọ́sàn-án, Kobus so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa ní Turffontein, ó sì dín eré àwòrán náà kù. Gáùn búlúù yẹn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń rọra bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń mí lára rẹ̀. Mi ò mọ ara mi. Bàbá mi, tó ti ní òun ò ní wo ìranù kankan, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ níwájú Thandeka. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Mi ò sọ fún ọ pé mo máa wọ aṣọ yẹn fún ọmọ. Mo fẹ́ kí ojú rẹ rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú kámẹ́rà. Bó o bá ní ká pa á rẹ́, màá pa á rẹ́ níṣojú rẹ báyìí."

Thandeka ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Ó ní kí wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ fi sílẹ̀, Mama," ló wí níkẹyìn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn tó ń rìn."

Láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti yí gbogbo ètò fídíò náà padà. Ẹ̀yìn bébà mẹ́rin yẹn ló ya èyí tuntun sí. Ó ní kí Kobus tún fi AUTO yẹn ya ife, kó fi ya kóòmù, kó fi ya bàtà tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà, kí ohun gbogbo tí ẹni náà fi sílẹ̀ lè máa mí. Òun àti Kobus jókòó ọjọ́ mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé àwòrán tí wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kobus ti wá ń pe àṣìṣe rẹ̀ ní "ọ̀nà Mama". Ohun tí àṣìṣe jẹ́ ni pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó rí i, tó mọ ohun tí ó jẹ́, tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn, tó sì fi kọ́ odindi iṣẹ́, òun ni olùdarí. Bí ìtumọ̀ mìíràn bá wà fún ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ètò orin àárọ̀ Sátidé. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì mi. A jókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá mi wọ búláòsì tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí orin ń parí lọ, àkọlé yọ nísàlẹ̀: orúkọ Thandeka, orúkọ orin, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí olùdarí, àti orúkọ Deon.

Bàbá mi ní, "Bóyá àṣìṣe ni."

Màmá mi lọ pààrọ̀ búláòsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Monday, ó lọ bá Deon, èmi sì lọ síléèwé. Mo máa kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, wọ́n yí mi ká. "Bùkọ́lá, ṣé Deon lorúkọ màmá ẹ?" "Màmá ẹ ní irùngbọ̀n ni?" "Òpùrọ́ ni wọ́n o, òun àti màmá ẹ̀." Mo mọ òtítọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ pátá, dé orí ìṣẹ́jú tí Deon dé àti èyí tó lọ. Mi ò sọ ọ̀kan. Mo ń wo bàtà mi títí aago fi dún.

Ohun tí Deon sọ fún màmá mi nìyí, bí ó ṣe wá sọ ọ́ fún bàbá mi ní kíṣìnnì: "Madam, ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tí òfin ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ló ṣiṣẹ́ fún mi? Nítorí tiyín ni mo ṣe ṣe é. Bí àwọn aṣọ́bodè bá rí orúkọ yín ńkọ́?" Ẹ wo bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ òfin yẹn lọ́jọ́ tó ṣèlérí. Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìgbà tó kan orúkọ nìkan ló wá rántí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni, ó lè fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Kò fi í sílẹ̀. Tirẹ̀ ló kọ sí i.

"Àlejò ni wá níbí, Màmá Bùkọ́lá," bàbá mi ní. "Jẹ́ kó lọ. Jọ̀ọ́."

Màmá mi ń bó iṣu. Ó ní, "Mo ti jẹ́ kó lọ." Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò jù bébà mẹ́rin yẹn nù. Ó fi wọ́n sábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀, ó sì kó káńfọ̀ tì wọ́n.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ó parí síbẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìdìbò, nígbà tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde, ó darí fídíò mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ mọ́kànlá náà. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa bí a ṣe ń gbé kámẹ́rà. Àwọn méjì nínú wọn ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun lónìí, gbogbo àwọn tó sì kọ́ ni wọ́n máa ń jẹ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni ò lè rọ́wọ́ mú bíi Mama nígbà tó bá ń wá ìmọ́lẹ̀. Ìlú yìí ti fún un ní ohun púpọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dá padà.

Lọ́dún tó kọjá, gbọ̀ngàn kan nígboro ṣàfihàn àwọn fídíò orin àtijọ́. Mo mú màmá mi lọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún un. Wọ́n yin "ìgboyà Deon". Wọ́n yin "ìmọ́lẹ̀ tó ń mí, èyí tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀". Lára ògiri níwájú wa, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá ń bọ̀ nínú gáùn búlúù.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," màmá mi ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Orúkọ nìkan ni wọ́n ṣì kọ."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ yẹn lára ògiri, ọmọ tó mọ gbogbo nǹkan tó sì wo bàtà rẹ̀ títí aago fi dún, mo sì mọ ohun tí ọdún tó wà láàárín èmi àti òun wà fún. Mo ti kàwé. Mo mọ bí a ṣe ń to ẹ̀rí. Pásípọ́ọ̀tù mi ò ní òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi dẹ́rù bà mí. Ọmọ yẹn ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà lé wa kúrò nílùú yìí, èmi ti bí ọmọ méjì sínú rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àwọn tó ṣe àfihàn náà. Mo fi àwòrán bébà mẹ́rin yẹn ránṣẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo fi ìwé tí Thandeka fọwọ́ sí ránṣẹ́. Kobus, tó ti fẹ̀yìn tì sẹ́bàá òkun, kọ ìwé tirẹ̀, ó sì fi àwọn téèpù tó ti tọ́jú láti ìgbà yẹn ránṣẹ́, nínú èyí tí a ti ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kì í sì í ṣe ohùn Deon. Èsì kan ṣoṣo ni mo rí gbà: pé bí orúkọ náà ṣe dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Deon ṣì wà láàyè. Ó ní òun ò rántí.

Nítorí náà, mo ń béèrè níbí, níṣojú gbogbo ẹni tó ń kà á. Deon, ta ni ó yí bébà kejì wò lódì lójú wa, kí sì ni ohun tí a yà sórí bébà náà? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ darí rẹ̀, ẹ sọ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àfihàn, ìwé wo lẹ rí kí ẹ tó kọ pé ó "dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀"? Ta ni nínú yín ló kọ gbólóhùn yẹn? Ta ni ó ka àwọn lẹ́tà mi, kí ló sì ṣe sí ẹ̀rí tó wà nínú wọn? Mi ò fẹ́ ìwé pé ẹ ti gba ìwé mi. Mo fẹ́ orúkọ, mo fẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa tún un kọ.

Oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà máa bó awọ yẹn kúrò lójú màmá mi. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé, ó ti bi dókítà náà lẹ́ẹ̀mejì pé àwọ̀ wo ni òun máa kọ́kọ́ rí padà. Ó sì ti sọ pé ibi àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ lọ ni gbọ̀ngàn yín, kí òun lè fi ojú ara òun ka ara ògiri yẹn.

Kí lẹ fẹ́ kó bá níbẹ̀?